Ọwọ́ Òsì àti Ilé Baba Ẹni: Àṣírí Ìdílé Nínú Ìwé Ìtàn Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Ń Kà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń kọminú nípa irú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ń gbé wọlé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wàhálà bá nínú ilé ni ìwé wọ̀nyí máa ń dá lé lórí: bàbá tí ń lu ìyá, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n, ikú tí a kò mọ ẹni tí ó fà á, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará ilé mọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ jáde. Àwọn òbí ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ láti tú àṣírí ilé, wọn a sì pa á lówe pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn a dáhùn pé òótọ́ ni ìwé náà ń sọ. Ta ni ó jàre nínú wọn?

Kí á má baà dá ẹjọ́ lórí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí á mú ìwé kan kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìwé náà ni Purple Hibiscus, tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ, tí ó jáde ní ọdún 2003, tí ó sì gba ẹ̀bùn Commonwealth fún ìwé àkọ́kọ́ tí ó dára jùlọ ní ọdún 2005. Òǹkọ̀wé náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Ilé àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Enugu àti Nsukka ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn tí ìwé náà ń sọ kò béèrè irú ẹ̀sìn tí onílé ń ṣe kí ó tó wọlé.

Ohun tí ìtàn náà sọ

Kambili, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ó ń sọ ìtàn náà. Jaja ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Eugene, bàbá wọn, jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí gbogbo ìlú ń yìn. Ó ní ilé iṣẹ́. Ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń bá ìjọba ológun wí nígbà tí àwọn mìíràn ti pa ẹnu wọn mọ́, títí wọ́n fi fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí olóòtú rẹ̀, tí ó sì pa á. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí yóò ka ibẹ̀ tí kò ní rántí Dele Giwa tí wọ́n pa ní ọdún 1986.

Ti ìta nìyẹn. Nínú ilé, ọkùnrin yìí kan náà ń lu ìyàwó rẹ̀ títí oyún fi ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Ó da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé wọ́n bá bàbá tí ó bí òun gan-an gbé inú ilé kan náà ní Nsukka, tí wọn kò sì sọ fún un, nítorí pé abọ̀rìṣà ni bàbá àgbà náà. Ó ń sunkún bí ó ti ń da omi náà. Ohun tí ó mú kí ìwà rẹ̀ bani lẹ́rù ni pé ó dá a lójú pé ìfẹ́ ni òun ń fi hàn.

Òǹkọ̀wé yìí mọ bí a ti ń fi ohun kékeré sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Ìyá àwọn ọmọ náà ní àwọn ère amọ̀ kéékèèké kan nínú pálọ̀, tí a mọ bí ẹni tí ń jó. Nígbàkígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti lù ú, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá, yóò mú aṣọ, yóò sì máa nu àwọn ère náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ gbọ́ ariwo láti òkè, wọ́n rí ojú tí ó wú, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè. Kambili àti Jaja ti kọ́ bí a ti ń fi ojú sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu kò rí àyè nínú ilé náà. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ Kambili rò pé agbéraga ni, nítorí pé kì í bá wọn sọ̀rọ̀, tí ó sì máa ń sáré lọ bá ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti jáde. Wọn kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni ó dè é láhọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ronú sí ibẹ̀ yẹn. Ẹni tí a ń pè ní agbéraga nínú kíláàsì wa lè jẹ́ ẹni tí ẹrù wúwo wà lọ́kàn rẹ̀.

Ibi tí òwe wa wọlé nìyí. Nígbà tí Jaja wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó kùnà ìbéèrè méjì nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ìsìn, kò sì gba ipò kìn-ín-ní. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí òkè, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ dání, ìka kan lára rẹ̀ kò sì bọ̀ sípò mọ́ láéláé. Ọwọ́ òsì ni bàbá náà mọ̀ọ́mọ̀ yàn, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ fi ń kọ̀wé. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Wọn kò ní kí á ba ọwọ́ òsì ọmọ jẹ́, lẹ́yìn náà kí á tún fi òwe dè é pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ọ̀hún júwe ilé wa.

Ife tíì

Bí ìtàn náà ti parí ni ó yẹ kí òǹkàwé tẹjú mọ́ jùlọ. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wà ní kékeré ni bàbá ti máa ń fún wọn ní tíì gbígbóná mu díẹ̀ nínú ife rẹ̀, tí ó ń pè é ní àmì ìfẹ́. Tíì náà a máa jó Kambili láhọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀. Nínú tíì yìí kan náà ni ìyá wọn fi májèlé sí nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Eugene kú. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Jaja ní òun ni òun ṣe é, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní ẹ̀wọ̀n. Ìyá ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni ó dà á lórí rú.

Ẹ kò ha rí i? Obìnrin tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bo òótọ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí ó wá fẹ́ sọ ọ́, òótọ́ náà kò tà mọ́. Ọmọ tí ó fẹ́ gba ìyá rẹ̀ là fi irọ́ dípò irọ́. Àṣírí kan kú, òmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò fi èyí yọ̀. Nínú apá tí ó gbẹ̀yìn ìwé náà, ìdákẹ́jẹ́ mìíràn ni ó kù nínú ilé, ara Jaja kò sì le mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìwé yìí ń kọ́ ọmọ láti pa òbí kò kà á dé òpin. Ohun tí ó ń fi hàn ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ojú rí àbòsí, tí gbogbo ẹnu sì dákẹ́.

Ìtàn tí ó dára jùlọ

Ṣé ó wá yẹ kí Mùsùlùmí máa ka ìtàn tí ó ń tú irú nǹkan báyìí síta? Ìdáhùn wà nínú Àlùkùráánì alápọ̀n-ọ́nlé. Ìtàn tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pè ní èyí tí ó dára jùlọ, èyíinì ni ìtàn Yúsúfù ní Súúrà kejìlá, ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, àṣírí ìdílé sì ni. Àwọn ọmọ bàbá kan náà jowú àbúrò wọn, wọ́n sọ ọ́ sínú kànga, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ ra ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá fún bàbá wọn. Ilé Ànábì ni èyí ti ṣẹlẹ̀! Bí ó bá jẹ́ pé bíbo ilé ńlá ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni, ìbá tí sí Súúrà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn náà ti parí. Nígbà tí Yúsúfù di alágbára ní Íjíbítì, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó jẹ́ kí òótọ́ hàn: ó rán wọn létí ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sì jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó tó ní kò sí ẹ̀bi fún wọn ní ọjọ́ náà. Wọ́n bẹ bàbá wọn pé kí ó tọrọ àforíjìn fún wọn. Nígbà tí Yúsúfù wá ń ka oore Ọlọ́hun lórí rẹ̀ níwájú gbogbo ìdílé, ó dárúkọ ẹ̀wọ̀n tí a yọ ọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ kànga. Àwọn onímọ̀ ní ó fo kànga náà kí ojú má baà ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sì ní Èṣù ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn.

Òṣùwọ̀n tí a ń wá nìyẹn. Ẹ̀sìn wa fẹ́ kí á bo àṣírí ara wa, ẹni tí ó bá bo ti ẹlòmíràn ni Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ ní ọjọ́ ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe tùúbá ni a ń bò, kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọmọdé. Súúrà kẹrin pàṣẹ fún wa kí á jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, ìbáà tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Ànábì sì ní kí á ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, yálà wọ́n ń ṣe àbòsí sí i ni tàbí òun ni ó ń ṣe é. Ìrànlọ́wọ́ tí a ó ṣe fún alábòsí ni pé kí á dá a dúró. Ìbá ṣe pé ẹnìkan dá Eugene dúró, ìbá wà láàyè, Jaja ìbá má ṣẹ̀wọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti ilé onígbàgbọ́ nìkan ni èyí. Leila Aboulela, Mùsùlùmí ọmọ Sudan, kọ ìwé kan tí ń jẹ́ Minaret, tí ó jáde ní ọdún 2005. Ìbejì ni àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí, Najwa àti Omar, ọmọ ọlọ́lá ní Khartoum. Owó ìjọba tí wọ́n ní bàbá wọn kó jẹ ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kì í sọ nínú ilé náà. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n pa bàbá náà. Ìyá àti àwọn ọmọ sá lọ sí London. Níbẹ̀ ni Omar ti di ẹrú oògùn olóró, ó sì bá a dé ẹ̀wọ̀n. Najwa di ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì rí ọ̀nà mọ́sálásí. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìlẹ̀ wá, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò gba Omar là.

Ibi tí a ti bá òǹkọ̀wé jà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Purple Hibiscus, nítorí pé kò péye tán. Fadá ọ̀dọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Amadi. Ó ń fi ọkọ̀ gbé Kambili jáde, ó ń mú un rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Ọkàn fadá náà pàápàá kò dúró sójú kan. Òǹkọ̀wé fi ìfẹ́ yìí ṣe oògùn tí ó la ọmọ náà lóhùn. A kò sọ pé Amadi bà á jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú tí ó rí ìwà bàbá náà kedere báyìí, a retí kí ó ṣọ́ra níbí pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ilé rẹ̀ ti fọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ṣàánú rẹ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Àgbàlagbà ni ó yẹ kí ó pa ààlà mọ́, ìbáà jẹ́ fadá, ìbáà jẹ́ áàfáà ilé kéwú. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ ka ibẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n.

Àbúkù kejì ni pé Ifeoma, àbúrò bàbá wọn tí ó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Nsukka, nìkan ni ó ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, òun náà sì bá ọ̀nà Amẹ́ríkà lọ. Ìwé náà kò fi ọ̀nà mìíràn hàn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Ọ̀nà sì wà. Ọdún 2003 tí ìwé náà jáde gan-an ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ bá a kà á, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó rí nínú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, kí ẹ wádìí ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó lọ bá àgbà tí ó ṣe é fọkàn tán, ìbátan, olùkọ́ tàbí Lẹ́mọ́mù, tí ó ní ìyà ń jẹ ìyá òun tàbí àbúrò òun, kò fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ó ń pe ènìyàn wá pa iná tí ó ń jó ilé náà ni. Ẹ̀yin Lẹ́mọ́mù àti ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ asàlátù, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi òwe lé e padà sílé.

Kí Ọlọ́hun Ọba sọ ilé wa di ibi ìfàyàbalẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ ìtura ojú fún wa. Àmín.