Ìwé Méjì Lórí Jim Jones àti Ìjọ Rẹ̀

Àwọn ìwé kan wà tí ènìyàn a máa fi ìbẹ̀rù ṣí, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí olùkọ́ kọ̀ láti kà. Irú wọn ni ìwé tí Tim Reiterman, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ John Jacobs, kọ ní ọdún 1982, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Raven, èyí tí í ṣe ẹyẹ ìwò. Ìtàn Jim Jones ni, ọkùnrin Amẹ́ríkà tí ó dá ìjọ Peoples Temple sílẹ̀, tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Jonestown nínú igbó ilẹ̀ Guyana ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọkàn tí ó lé ní 900 gbé ṣègbé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1978.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́ ìròyìn yìí a máa yára wí pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó kú. Àwa rò pé ẹni tí ó bá ka ìwé Reiterman dé òpin, tí ó sì tún sọ bẹ́ẹ̀, kò kà á dáadáa. Agbára ìwé náà ni pé ó fi awọ àgùntàn hàn wá kí ó tó fi ìkookò hàn. A rí Jones ní ìlú Indianapolis láàárín ọdún 1955 sí 1965, tí ó ń gba dúdú àti funfun sí orí ìjókòó kan náà nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjọ kò gbà bẹ́ẹ̀. A rí i tí ó ń bọ́ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó ń tọ́jú arúgbó, tí ó gba ọmọ dúdú ṣe ọmọ. Iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe irọ́. Oúnjẹ náà jẹ́ oúnjẹ tòótọ́, ó sì yó ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Èlíjà létí odò Kérítì mọ̀ pé ẹyẹ ìwò a máa gbé oúnjẹ wá. Ẹyẹ ìwò ti inú ìwé yìí pẹ̀lú gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n ó padà wá gba owó rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Jones fi ẹ̀yà ara adìẹ tan àwọn ènìyàn jẹ, ó ní jẹjẹrẹ ni òun fà yọ lára aláìsàn. Lẹ́yìn èyí ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Bàbá. Ó gba ilé àti owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ó mú kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá kàn wọ́n. Ó sì ju Bíbélì sílẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí tọ pinpin ọ̀ràn rẹ̀ ní California ní 1977, ó sá lọ sí Guyana. Reiterman fi yé wa pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ènìyàn lẹ́yìn. Ẹni tí ó ti ta ilé rẹ̀, níbo ni yóò padà sí?

Òǹkọ̀wé yìí kò kọ ohun tí ó gbọ́ nìkan. Ó bá Aṣòfin Leo Ryan lọ wo Jonestown, ọta ìbọn sì bà á lápá ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Port Kaituma, níbi tí àwọn ìránṣẹ́ Jones ti pa Ryan àti ènìyàn mẹ́rin mìíràn. Síbẹ̀ kò kọ̀wé bí ẹni tí ń gbẹ̀san. Èyí wú wa lórí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àléébù. Ó gùn jù, ó sì pẹ́ lórí ìgbà èwe Jones ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé, àwọn dúdú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú, obìnrin àgbàlagbà sì pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni a kò gbọ́ ohùn wọn tó.

Ìwé kejì, Seductive Poison, tí Deborah Layton kọ ní 1998, fún wa ní ohun tí àlejò kò lè rí. Layton gbé Jonestown, ó sì sá kúrò níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1978. Ní oṣù Kẹfà ó búra sí ìwé ẹ̀rí, ó ń kìlọ̀ pé a ń fi ikú dánra wò níbẹ̀. Ìkìlọ̀ náà kò gbà wọ́n. Ó sọ bí a ti ń jí gbogbo ènìyàn lóru, tí a ń sọ pé ọ̀tá ti yí wọn ká, tí a sì ń fún wọn ní ohun mímu tí a pè ní májèlé, kí a tó sọ pé ìdánwò ni. Ẹni tí a dán wò bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ọjọ́ tí ó di òtítọ́? Ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni Layton ti wo ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí níbẹ̀ hàn kedere.

Àwa kò sì fara mọ́ àwọn tí ń wí pé gbogbo wọn ni ó pa ara wọn. Nǹkan bí 300 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, àwọn ọmọdé ni a sì kọ́kọ́ fún ní májèlé, nígbà tí àwọn tí ó ní ohun ìjà dúró yí ibẹ̀ ká. Ọmọ ọwọ́ kò yan ikú fún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀rọ gba ohùn ìpàdé ìkẹyìn sílẹ̀. Nínú rẹ̀ obìnrin dúdú kan, Christine Miller, ẹni 60 ọdún, dìde, ó béèrè bóyá wọn kò lè lọ sí Rọ́ṣíà dípò kí wọ́n kú, ó sì wí pé ó tọ́ kí àwọn ọmọdé yè. Jones dá a lóhùn pẹ̀lẹ́; àwọn ará ìjọ ni ó fi ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níhìn-ín ni a rò pé kókó ìtàn náà wà. Iṣẹ́ olórí búburú ti parí nígbà tí kò bá tún sí ìdí fún òun fúnra rẹ̀ láti pa abéèrè lẹ́nu mọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń bá a ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì tí ó ga jù ka ìwé wọ̀nyí pẹ̀lú yín. Nínú katikísímù, olùkọ́ ni í béèrè, ọmọ ni í sì í dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ọ̀wọ̀ dìde béèrè ìdí ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ hó lé e lórí.