Ta Ló Fi Oyenusi Jẹ Dókítà?

Ọmọkùnrin kan dìde ní ilé-kéwú wa ní Òkìtìpupa, ó ní: "Ààfáà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé Dókítà Oyenusi ni ọmọ Ìkálẹ̀ tó kọ́kọ́ di dókítà?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ní 1977 ni olóògbé Eddie Ugbomah gbé fíìmù rẹ̀ jáde, The Rise and Fall of Dr. Oyenusi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bóyá ni ẹ ti rí i rí, ṣùgbọ́n àkọlé rẹ̀ kò kú. Ishola Oyenusi, tí wọ́n ń pè ní ọmọ Araromi ní agbègbè wa níbí, kò ka ìwé ìṣègùn kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ dókítà, fíìmù sì bá a tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Àwa tí a ń kọ́ni ní hádíìsì ní ìbéèrè kan tí a kì í fò: lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ? Wọ́n ń sọ kiri pé torí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ ló fi jí mọ́tò àkọ́kọ́. Lẹ́nu ta ni? Ẹnu ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹnu. Èyí tí ó wà lákọsílẹ̀ nìyí: ogun abẹ́lé parí ní January 1970, ìbọn pọ̀ nílẹ̀, ìjọba ológun sì ṣòfin ní ọdún náà pé kí a máa pa adigunjalè. Ní oṣù March 1971, Oyenusi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ja ilé iṣẹ́ WAHUM lólè ní Ìkẹjà, wọ́n pa ọlọ́pàá kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù September ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa á ní Bar Beach níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ìwé ìròyìn ní ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti ń lọ. Ẹ̀rín yẹn ni gbogbo ayé rántí. Ọlọ́pàá ńkọ́? Àkọlé fíìmù ní Oyenusi gòkè, lẹ́yìn náà ó ṣubú. Òkè wo ló gùn? Ẹ bi ẹbí ọlọ́pàá náà.

Wọ́n tún ròyìn pé ó ní bí àwọn òbí òun bá ti rí owó ilé-ìwé girama san ni, òun kì bá tí jalè. A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Girama kò di ọ̀fẹ́ títí di 1979. Ọ̀pọ̀ bàbá ní Ìkálẹ̀ ni kò rí i san. Àwọn ọmọ wọn ń fún epo, wọ́n ń pẹja, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi fíìmù sọ ìtàn Oyenusi, kí ó fi àwọn wọ̀nyí hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A kò bu Ugbomah kù o. Òun náà ló ṣe fíìmù nípa Alfa Apalara, oníwàásù tí wọ́n pa l'Ékòó ní 1953. Ó láyà. Ṣùgbọ́n fíìmù kì í ṣe ìwé ilé ẹjọ́.

A ní kí ọmọ náà lọ bi bàbá àgbà rẹ̀. Sátidé kejì ó dé: "Ààfáà, wọ́n ní olè ni." A ní kí ó jókòó, kí ó mú wàláà rẹ̀.