Ajvar: Tàtàṣé Yíyan Inú Ìgò àti Ìlò Rẹ̀ Nínú Oúnjẹ Ojoojúmọ́

Ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù, pàápàá ní Makedóníà Àríwá àti Sérbíà, ilé ìdáná tí kò ní ìgò ajvar lórí pẹpẹ kò wọ́pọ̀. Tàtàṣé pupa ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á yan án lórí iná, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi òróró dín in títí yóò fi ki. Àròkọ yìí yóò ṣàlàyé bí ajvar ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń sè é, àti bí a ṣe lè lò ó láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun kan ló yẹ kí ònkàwé fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ajvar ti jinná kí ó tó wọ ìgò. Iṣẹ́ iná ti parí lórí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n ìlò rẹ̀ ti ń wá.

Àwọ̀ ajvar pupa rúsúrúsú. Kò ṣàn bí ọbẹ̀, kò sì kúnná tán. Bí a bá fi ṣíbí bù ú, yóò dúró lórí ṣíbí náà, a ó sì rí fọ́nrán tàtàṣé wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Òróró díẹ̀ máa ń léfòó lójú rẹ̀. Adùn tàtàṣé ni ahọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ìkan díẹ̀ ti fínígà á tẹ̀ lé e, òórùn èéfín igi á sì kẹ́yìn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èyí tí wọ́n kọ "blagi" sí lára kì í ta lẹ́nu. Èyí tí wọ́n kọ "ljuti" sí ní ata gidi nínú. Àwọn kan tún máa ń fi ikàn ńlá aláwọ̀ àlùkò kún un, kí ó lè rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ikàn yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ni oúnjẹ náà, nítorí àwọn kan gbà pé tàtàṣé nìkan ló yẹ kó wà nínú ajvar tó pójú owó. Èmi fara mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ní ikàn kò burú lórí búrẹ́dì.

Irú tàtàṣé tí wọ́n fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí ni kapija. Ó gùn, ó pẹlẹbẹ díẹ̀, ẹran ara rẹ̀ nípọn, ó sì dùn bí ó bá pọ́n dáadáa. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti tàtàṣé tí à ń tà lọ́jà nílẹ̀ Yorùbá. Ìlú Leskovac ní gúúsù Sérbíà àti agbègbè Strumica ní Makedóníà Àríwá lókìkí fún ọ̀gbìn rẹ̀.

Ìparí ìgbà ooru ni àsìkò iṣẹ́ náà, Oṣù Kẹsàn-án gan-an ni ó sì máa ń gbóná jù. Àpò ńláńlá ni wọ́n fi ń ra tàtàṣé nígbà náà. Ìdílé, àti aládùúgbò pẹ̀lú, á kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé, torí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Odidi ni wọ́n ń to tàtàṣé sórí irin gbígbóná tí iná igi wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á máa yí i padà títí èèpo rẹ̀ yóò fi dúdú tí yóò sì wú kúrò lára. Èèpo ni kó jóná, kì í ṣe ẹran ara. Bí ó bá kúrò lórí iná, wọ́n á kó o sínú ìkòkò, wọ́n á sì dé e. Ooru inú ìkòkò yóò jẹ́ kí èèpo náà rọrùn láti bó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bó o, tí wọ́n sì fi ń yọ ìdí àti kóró rẹ̀ kúrò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi omi ṣàn án ní ìpele yìí, torí omi á gbé adùn àti òórùn èéfín lọ.

Lẹ́yìn bíbó, wọ́n á da tàtàṣé sínú asẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro. Ẹlòmíràn á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran ni wọ́n sábà fi ń lọ̀ ọ́, ìdí sì nìyí tí kì í fi í kúnná jù. Ìgbà náà ni dídín á wá bẹ̀rẹ̀, nínú ìkòkò gbẹ̀ǹgbẹ̀, pẹ̀lú òróró, lórí iná tí kò le. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sinmi orógùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jó mọ́ ìdí ìkòkò. Dídín yìí lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá ti dín ata ọbẹ̀ títí omi fi gbẹ tí ìkan rẹ̀ sì lọ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá fa orógùn kọjá ní ìdí ìkòkò, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kò sì tètè padé, ó ti jinná. Iyọ̀ àti fínígà á wọlé nígbà tó bá kù díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀. Ní gbígbóná ni wọ́n ń dà á sínú ìgò tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti yá lórí iná, wọ́n á sì dé e pinpin. Ohun tó ń dé inú ìgò kì í tó ìdajì tàtàṣé tí wọ́n rà wá. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bínú sí iye tí wọ́n ń ta ojúlówó rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Amẹ́ríkà ni ata ti wá. Kò dé Yúróòpù títí di ẹ̀yìn ìrìnàjò Columbus ní 1492, abẹ́ ìjọba Ottoman ni ó sì ti gbilẹ̀ ní agbègbè Balkan. Ìmọ̀ pé oúnjẹ tí a fi iná sè nínú ìgò tí a dé pinpin kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀ di ohun gbogbo ayé nígbà tí Nicolas Appert, ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1810. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ní Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tí Sérbíà àti Makedóníà jọ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, gbé ajvar kúrò ní ẹ̀yìnkùlé lọ sí ìsọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sè é nílé, gẹ́gẹ́ bí apá kan zimnica, ìyẹn gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń kó pamọ́ de ìgbà òtútù. Bùlgáríà ní lyutenitsa tirẹ̀, tó ní tòmátò nínú. Románíà sì ní zacuscă, tó ní àlùbọ́sà àti ikàn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti lo ajvar ni kí a má tilẹ̀ dáná rárá. A ó fi í ra búrẹ́dì tí a yan, a ó sì rún sirenje, wàràkàṣì funfun oníyọ̀ ti ibẹ̀, lé e lórí. Oúnjẹ àárọ̀ ni èyí jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Makedóníà. Iyọ̀ wàràkàṣì àti adùn tàtàṣé ń gbé ara wọn ró, kò sì sí ohun tí mo lè fi kún un.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yíyan ni ipò rẹ̀ kejì. Bí wọ́n bá gbé ćevapi síwájú ènìyàn, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí a mọ bí ìka tí a sì yan lórí ẹ̀yín iná, búrẹ́dì, àlùbọ́sà tútù àti ajvar ló sábà máa ń bá a rìn. Ọ̀rá ẹran pọ̀. Ìkan díẹ̀ tó wà nínú ajvar ló ń gé e. Ó bá adìyẹ àti ẹja yíyan mu pẹ̀lú.

Nínú oúnjẹ gbígbóná, ìparí ni kí ó wọlé. Bí a bá ń dín ẹyin, kí ẹyin náà kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, kí a tó fi ṣíbí kan sí i. Bí ó bá jẹ́ màkàróní tàbí sùpàgẹ́tì, kí a sọ ìkòkò kalẹ̀, kí a da ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú èyí tí a fi sè é, kí a sì rò ó pọ̀. Ọbẹ̀ ti délẹ̀. Ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ ọ̀dùnkún máa ń fún un ní àwọ̀ àti òórùn èéfín tí kò ní tẹ́lẹ̀. Tavče gravče, ẹ̀wà inú ìkòkò amọ̀ ti àwọn ará Makedóníà, dùn pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Àṣìlò tó wọ́pọ̀ ni kí a da ajvar sínú òróró gbígbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń dín ata tútù. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ ìkòkò, adùn rẹ̀ á sì di kíkorò.

A lè fi í ra adìyẹ kí a tó yan án, bí a bá pò ó mọ́ yọ́gọ́ọ̀tì àti aáyù. Ṣùgbọ́n kí a nu èyí tó pọ̀ jù kúrò kí ẹran tó kan iná, torí adùn tàtàṣé tètè máa ń jóná. Yọ́gọ́ọ̀tì tó ki àti ajvar ní ìdọ́gba, láìsí iná rárá, dára fún fífi ọ̀dùnkún díndín tọ́ wò.

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè rí ìgò yìí ní ìsọ̀ àwọn ará Tọ́kì àti ti àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ó bá iṣu sísè mu, ó bá dòdò mu, ó sì bá ẹ̀wà mu jù méjèèjì lọ. Ẹni tó fẹ́ kó ta lẹ́nu lè fi ata gígún sí i. Kò lè rọ́pò ata lílọ̀ nínú ọbẹ̀ ata tàbí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ata lílọ̀ ní omi tí ìrẹsì máa fi jinná àti àlùbọ́sà tí ọbẹ̀ máa fi dùn. Ajvar kò ní èyíkéyìí nínú wọn, iyọ̀ sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti àǹfààní fún ara, tàtàṣé pupa kún fún èròjà tí ara máa ń sọ di fítámì A, òróró inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ara lè gbà á. Fítámì C rẹ̀ a máa dínkù lórí iná. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wo iye iyọ̀ tó wà lára ìgò kó tó rà á. Kí olùrà wo bí wọ́n ṣe to èròjà náà pẹ̀lú: tàtàṣé ló yẹ kó ṣáájú, kì í ṣe omi tàbí tòmátò.

Ẹni tó bá fẹ́ sè é nílé kò gbọdọ̀ yọ fínígà sílẹ̀. Tàtàṣé kò kan tó láti dá ààbò bo ara rẹ̀ nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kòkòrò kan tí a kò lè fojú rí sì wà tó ń tu májèlé síbẹ̀ láìsí òórùn kankan. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá wú, kí a dà á nù, kí a má tọ́ ọ wò. Bí a bá ti ṣí ìgò, inú fíríìjì ni ààyè rẹ̀. Ṣíbí gbígbẹ tó mọ́ ni kí a fi máa bù ú, kí a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ó bá ku ìwọ̀nba tí ṣíbí kò lè ha mọ́, kí a da òróró díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò náà, kí a dé e, kí a mì í, kí a sì dà á sórí kukúḿbà àti tòmátò tí a gé.