Ẹgbẹ̀rún àti Ènì: Ẹyẹ Bébà Ọlọ́rùn Gígùn ní Ilẹ̀ Onílẹ̀

Origami ni orúkọ tí àwọn ará Japan fún ọnà bébà ṣíṣẹ́po, orúkọ náà sì jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ méjì, oru tí ó túmọ̀ sí kí a ṣẹ́ nǹkan po, àti kami tí ó túmọ̀ sí bébà. Nínú gbogbo ohun tí ọnà yìí ń bí, ẹyẹ kan ni ó gba iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní tsuru, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ará Ògùn Waterside ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí kò rí i rí lè kọ́kọ́ pè ní lékèélékèé etí ọ̀sà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga ju lékèélékèé lọ dáadáa. Ìgbàgbọ́ àtayébáyé ní ilẹ̀ Japan ni pé ẹyẹ yìí a máa lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, inú ìgbàgbọ́ náà sì ni àṣà senbazuru ti jáde, ìyẹn ẹgbẹ̀rún ẹyẹ bébà tí a sín sórí okùn nítorí aláìsàn, nítorí ìgbéyàwó, tàbí nítorí àlàáfíà ìlú. Ohun tí àròkọ yìí ń yẹ̀ wò ni bí àṣà náà ṣe ń yí nígbà tí ẹni tí ó dáwọ́ lé e kò sí nílé, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ti ń ṣẹ́ ẹyẹ rẹ̀. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọnà inú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò sí lára ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe nínú iye àti nínú okùn, àti pé ohun tí àwọn tí ó lọ sí òkèèrè fi kún àṣà náà kò ju ohun tí gbogbo ìyálọ́jà mọ̀ lọ, ìyẹn ènì.

Ẹyẹ kan ṣoṣo kì í ṣe iṣẹ́ tí ó le. Bébà onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ni a ń lò. A ó ṣẹ́ ẹ láti igun dé igun àti láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, a ó gbá a jọ títí yóò fi di onígun mẹ́rin kékeré, a ó ṣí ojú rẹ̀ sókè bí ìgbà tí òdòdó bá là, a ó sì yí ṣóńṣó méjèèjì tí ó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ padà sókè láti inú, kí ọ̀kan di ọrùn, kí èkejì di ìrù. A kì í fi àlùmọ́gàjí kàn án, a kì í sì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òfin tí ó kọ àlùmọ́gàjí yìí kò tíì pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, nítorí pé ìwé Hiden Senbazuru Orikata tí a tẹ̀ jáde ní 1797, tí ó wà lára àwọn ìwé tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nípa ọnà yìí, kún fún ẹyẹ tí wọ́n so mọ́ ara wọn nítorí pé a gé bébà wọn láì jẹ́ kí ó já tán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lè parí ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún yóò gba wákàtí 50, láìka ti sísín, ìyẹn ni pé ẹni tí ó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ó ń fi wákàtí kan ṣẹ́ bébà lálaalẹ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lò tó oṣù méjì kí ó tó dé òpin.

Ohun tí ó ń gba ìyìn nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn onímọ̀ ọnà Yorùbá, Rowland Abíọ́dún pàápàá, máa ń pè ní ìfarabalẹ̀, ìyẹn ìwà ẹni tí ọkàn rẹ̀ tutù sójú kan tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń tọ́. Ìfarabalẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún àwọn tí ó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀bìrìpò sínú ewé ní Ìjẹ̀bú. Obìnrin tí ó ń ká ewé kí ìdí rẹ̀ má bàa jò ń ṣe ohun tí oníbébà ń ṣe gan-an, nítorí pé òun náà ń sọ ohun pẹrẹsẹ di ohun tí ó ní inú, bí ìnáwó bá sì dé, ewé tí yóò ká láàárọ̀ ọjọ́ kan lè pọ̀ ju iye tí ẹnikẹ́ni bìkítà láti kà lọ. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni pé ewé ń sin oúnjẹ, a ó sì jù ú nù bí a bá ti jẹun tán, nígbà tí ẹyẹ bébà kò sin nǹkan kan ju pé kí a rí i kí a sì kà á.

Ọ̀rọ̀ bébà fúnra rẹ̀ ní ìtàn kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú tí kò yẹ kí a fò dá. Iwopin, ní Ògùn Waterside, ni ìjọba àpapọ̀ dá ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta rẹ̀ sí, àwọn méjì yòókù sì wà ní Jebba àti Oku-Iboku. Igi gmẹlínà tí a gbìn lọ rẹrẹ sínú igbó ọba Ọmọ ni a pète pé yóò máa bọ́ ọ. Èrò náà kò dé ibi tí a fojú sùn, àwọn agégẹdú ni ó sì ń jẹ èrè ọ̀pọ̀ nínú igi wọ̀nyẹn lónìí. Nítorí náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Àgó-Ìwòyè tí ó fa ojú ìwé kan ya láti fi ṣe ọkọ̀ tí yóò gbé sórí àgbàrá òjò, ó ṣeé ṣe kí bébà ọwọ́ rẹ̀ ti rin ìrìn àjò ju òun àti òbí rẹ̀ lápapọ̀ lọ.

Iye ni ó wá kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Kì í ṣe bákan ṣáá ni a ń sín ẹgbẹ̀rún ẹyẹ. Bí ó ti wọ́pọ̀ jù ni pé kí okùn jẹ́ 25, kí ẹyẹ 40 sì wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ bí owó ẹyọ ṣe ń lọ láyé àtijọ́ yóò ta gìrì, nítorí pé ẹyọ 40 náà ni ó wà lórí okùn kan nílẹ̀ Yorùbá, okùn 50 ni ó sì ń di ẹgbàá, ìyẹn ẹyọ 2,000, tí ẹgbàá mẹ́wàá fi ń di ọ̀kẹ́ kan. Ẹgbẹ̀rún tí ó jẹ́ igba lọ́nà márùn-ún bọ́ sí ìdajì ẹgbàá, ìdajì ẹgbàá sì jẹ́ okùn 25 géérégé. Senbazuru kan àti ìdajì ẹgbàá ẹyọ kan rí bákan náà lórí okùn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ lára ẹnì kejì. Ohun tí ó dà bí òótọ́ ni pé ogójì ni ìwọ̀n tí ojú lè bẹ̀ wò kí ó sì mọ̀ pé kò dín, tí okùn kò sì ní fi tìtorí rẹ̀ wúwo jù. Ṣùgbọ́n ìjọra náà ń kọ́ olámèyítọ́ Yorùbá ní ohun kan, pé kí ó má ṣe wo senbazuru bí ẹni ń wo ère tí a gbẹ́, kí ó wò ó bí ẹni ń wo owó tí a sín, nítorí pé ẹyọ tí ó wà láàárín okùn kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lókè, bí ó bá sì yàtọ̀, yóò ba ìṣirò jẹ́.

Ìtàn tí ó gbé ẹgbẹ̀rún ẹyẹ kárí ayé ni ti Sadako Sasaki, ọmọbìnrin tí a bí ní 1943, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1945, tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì gbé dè ní ilé ìwòsàn ní 1955. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣẹ́ ẹyẹ, nígbà mìíràn láti ara bébà tí wọ́n fi di oògùn, títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dá owó, a sì ṣí ère ìrántí tí ó ń gbé ẹyẹ sókè sí gbangba ní Hiroshima ní 1958. Nínú ìwé tí Eleanor Coerr kọ fún àwọn ọmọdé ní 1977, ẹyẹ 644 ni Sadako ṣe kí ọlọ́jọ́ tó dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sì ṣe ìyókù. Àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Masahiro ni agbẹnusọ wọn, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó pé ẹgbẹ̀rún, ó sì tún ń ṣe é lọ. Ó yé ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi yan iye tí kò pé, nítorí pé àìpé ni ó ń fi àyè sílẹ̀ fún òǹkàwé láti wọlé kí ó sì bá wọn ṣẹ́ ìyókù. Síbẹ̀, ìtàn ẹbí náà lágbára jù ú lọ nínú ọ̀ràn ọnà. Ọmọ tí ó pé iye tí a ní kí ó pé, tí ìwòsàn kò sì dé, tí kò fi ọwọ́ lélẹ̀, ti kúrò nínú àdéhùn, ó ti bọ́ sínú nǹkan mìíràn tí ẹgbẹ̀rún kò lórúkọ fún.

Àwọn tí ó lọ sí òkèèrè fún un ní orúkọ, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ orúkọ nọ́ńbà. Láti 1885 ni àwọn ará Japan ti ń lọ sí Hawaii lọ́pọ̀ yanturu gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe nínú oko ìrèké, àárín àwọn àtọmọdọ́mọ wọn níbẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà ni àṣà kan sì ti fìdí múlẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ ní Japan gan-an, pé kí ìyàwó tí ó fẹ́ relé ọkọ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ṣẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ wúrà 1,001, kí wọ́n sì tò ó sínú férémù, lọ́pọ̀ ìgbà ní àwòrán àmì ìdílé tí wọ́n ń pè ní mon. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀kan tí ó lé jẹ́ fún oríire. Etí Yorùbá gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ọ̀kànlénígba àti ọ̀kànlénírínwó ni a ń ka irúnmọlẹ̀, kì í ṣe igba tàbí irínwó, ọ̀kan tí ó lé náà ni kò sì jẹ́ kí iye di ọgbà tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá tún dé yóò bá àyè. Lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó, ènì ni orúkọ rẹ̀, ohun tí kò sí nínú iye owó ṣùgbọ́n tí ó ń sọ oníbàárà di ẹni tí yóò padà wá. Àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀, tí àmì ìdílé wọn kò ní ìtumọ̀ kankan lójú aládùúgbò, nílò ènì ju ẹni tí ó wà nílé lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ka iye náà? Àwọn Ìjẹ̀bú ní ìdáhùn àtijọ́ sí ìbéèrè yìí nínú àrokò, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi nǹkan jẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1880, a gbé àwọn kan lára àrokò Ìjẹ̀bú dé iwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí a rán sí ẹni tí kò sí nílé sì wà lára wọn. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni tí a rán an sí, nítorí pé ẹ̀fà gbé fà sínú. Mẹ́jọ ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Iye ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ gbà á.

Òṣùwọ̀n tí ó yẹ fún iṣẹ́ ẹyẹ ńlá nìyí, bóyá iye rẹ̀ ṣeé kà bí àrokò. Ní 2019, àwọn ọmọ Japan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Tsuru for Solidarity sílẹ̀ gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ lọ so mọ́ ògiri wáyà ibùdó tí a ti ń há àwọn ìdílé aṣíkiri mọ́ ní Dilley, ní Texas, àwọn kan lára wọn sì ti jẹ́ ọmọdé nínú àgọ́ ìhámọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà há àwọn ọmọ Japan ní orílẹ̀-èdè náà tí ó lé ní 120,000 mọ́. Fún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 125,000 ẹyẹ ni wọ́n pète láti kó lọ sí Washington kí àrùn kòrónà tó dá ìrìn àjò náà dúró. Ẹni tí ó mọ iye àkọ́kọ́ yóò ka iye kejì láìsí ògbufọ̀, bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń ka ẹyọ mẹ́fà, àní ènì tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Hiroshima, ẹ̀wẹ̀, bí ẹyẹ mílíọ̀nù mẹ́wàá ni ó ń dé lọ́dọọdún láti gbogbo ayé, ìwọ̀n wọn sì tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ìlú náà ti ń sọ wọ́n padà di bébà tuntun. Inú rere ni ó kó wọn jọ, ṣùgbọ́n ohun tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n kò ṣeé kà mọ́.

Bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ òkèèrè bá wá dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí, kò sí dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún, iye tí ó ti inú ọjọ́ orí ẹyẹ ẹlòmíràn jáde. Ọ̀kànlénírínwó wà níbẹ̀, okùn mẹ́wàá àti ẹyọ kan. Mẹ́fà náà sì wà níbẹ̀, tí a so kọjú sí ara wọn, tí ó wọ inú àpò ìwé kan ṣoṣo lọ sí Òkè-Sopin ní ìlú rẹ̀, bí àgbàlagbà tí yóò gbà á bá ṣì mọ ohun tí ẹ̀fà ń wí.