Òrùlé Gíláàsì Lórí Ọkọ̀ Asáré

Bí ìlù ti ní ohùn tirẹ̀, tí aṣọ sì ní èdè tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ọkọ̀ asáré ń sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ó ní òun fúyẹ́, òun lè sáré, òun kò sì gbé ẹrù tí kò wúlò. Àwọn tó ń ṣe é a máa ṣọ́ ìwọ̀n gbogbo ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ bí ahun ti ń ṣọ́ owó. Síbẹ̀, nínú ìwé kan náà tí wọ́n fi ń yangàn pé ọkọ̀ àwọn fúyẹ́, a óò rí i pé ẹni tó bá lè fi owó kún owó yóò gba òrùlé gíláàsì. Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ nìyí: ṣé irọ́ ni ilé-iṣẹ́ ń pa fún wa ni, àbí nǹkan kan wà tí fífúyẹ́ nìkan kò lè fún ènìyàn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ìwọ̀n. Bí irin àti gíláàsì bá tóbi bákan náà, irin yóò wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta gíláàsì. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ irin tí a fi ń ṣe òrùlé ọkọ̀ kì í sábà nípọn ju mìlímítà 0.8 lọ, nígbà tí gíláàsì ní láti nípọn tó mìlímítà 4 tàbí 5 kí ó tó lè gba ìyà ojú títì. Nípa bẹ́ẹ̀, irin tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó yóò wọn bíi kìlógíráàmù 6. Gíláàsì tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó nípọn ní mìlímítà 5, yóò lé ní 12. Ibi tó ga jù lọ lára ọkọ̀ ni a sì gbé ìwúwo yìí sí. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí mọ̀ pé ẹrù orí ní í fẹ́ gbé ènìyàn ṣubú bí a bá yà lójijì. Oòrùn náà kò gbẹ́yìn: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú gíláàsì wọlé, ooru tó ti ibẹ̀ wá kì í sì í rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀.

Kí ló wá gbé gíláàsì dé orí? Ìbẹ̀rù òfin wà lára rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò fòfin de ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, nítorí ewu tó wà níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Cadillac Eldorado ti 1976 ni wọ́n polówó bí èyí tó kẹ́yìn irú rẹ̀, kó tó di pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tún padà lẹ́yìn 1980. Láti 1968 ni Corvette ti ní òrùlé oníbejì tó ṣeé yọ, tí ọ̀pá kan sì là á láàárín kí ara ọkọ̀ má baà máa lọ́. Nígbà tó di 1978, oníbàárà lè san owó lé e kí òrùlé méjèèjì jẹ́ gíláàsì. Ọgbọ́n tó dára ni: a pa ọkọ̀ dé, ojú ọ̀run kò sì kúrò lórí wa. Àmọ́ rọ́bà ni gbogbo ọgbọ́n náà fẹ̀yìn tì. Bí rọ́bà etí òrùlé bá ti gbó, omi òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí èrò ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní Jámánì, ọ̀nà mìíràn ni Porsche gbà. Targa tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní 1965 ní ọ̀já irin fífẹ̀ kan tó gba òkè kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Òrùlé tó wà níwájú ọ̀já náà ni a ń yọ. Ààbò ni ọ̀já yìí, ó sì fi ara hàn bí ààbò. Nígbà tí Targa tuntun jáde ní 1995, ọ̀já náà ti pòórá. Gíláàsì ńlá kan ló bo orí, iná mànàmáná ló sì ń fà á sẹ́yìn wọ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ àrà ni. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ti ṣí, gíláàsì méjì ni awakọ̀ tó fẹ́ wo ẹ̀yìn ń wò kọjá. Yorùbá ní ìwà lẹwà. Ẹwà Targa ti 1965 wà nínú pé ó jẹ́wọ́ ohun tó jẹ́. Ti 1995 fẹ́ kí a rò pé òun kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ onírin, ó sì tún fẹ́ kí a yin gíláàsì òun. Kò yani lẹ́nu pé nígbà tó di 2014, ọ̀já náà padà sí ipò rẹ̀.

Ibi tí a bá ti ní kí oníbàárà yàn ni a ti ń mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. BMW M3 tó jáde ní 2007 ní òrùlé fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ ju irin lọ. Síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ lè kọ̀ ọ́, kí ó gba òrùlé irin tó ní fèrèsé gíláàsì. Ó rọrùn láti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ohun tó rà. Èmi kò ní bá wọn ṣe é. Ẹ wo ọkọ̀ asáré dáadáa: ta ni a ṣe é fún? Bí àga ti rí, bí ìdarí rẹ̀ ti rí, bí ẹ́ńjìnnì ti ń ké, ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń sìn, awakọ̀ náà sì ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò lè máa wo òkè. Ikú ni yóò fi ṣeré. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ òun náà, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í ló ni ìran wíwò. Òrùlé gíláàsì nìkan, nínú gbogbo ohun tí a fi owó kún, ló jẹ́ ti ẹnìkejì. Kìlógíráàmù díẹ̀ tí awakọ̀ gbà láti rù, ìṣenilálejò ni.

Ìdí nìyí tí gíláàsì tó ń dúdú tó ń mọ́ kò fi tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ferrari fi sórí Superamerica ní 2005, ọkọ̀ 559 péré; McLaren sì sọ ọ́ di ohun tí oníbàárà 720S Spider lè yàn, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ náà hàn ní ìparí 2018. Ó dín wàhálà oòrùn kù, a kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mú ìwúwo kúrò, ó sì ti sọ òrùlé di ohun ìpidán. Nígbà tí gíláàsì bá ń pidán, kì í ṣe ojú ọ̀run ni a ń wò mọ́. Òun gan-an ni a ń wò.

Ẹni tó bá fẹ́ díje lórí pápá, kí ó gba kábọ́ọ̀nù, kò ṣe búburú. Ẹni tí yóò máa gbé ẹlòmíràn rìn lójú títì kò jẹ̀bi bí ó bá yan gíláàsì. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n kọ ìwúwo òrùlé náà sí ẹ̀gbẹ́ owó rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ ohun tó ń rù, àti ẹni tó ń rù ú fún.