Ta Ló Gbé Gáà Gòkè?

Ní àdúgbò wa ní Ìpàjà, ọkùnrin kan wà tí a kì í dárúkọ rẹ̀ tààrà. "Gáà" la máa ń pè é, tí a bá ti wẹ̀yìn pé kò sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà. Òun ló ń gba owó tiransifọ́mà, òun náà ló ń sọ iye tí ayálégbé tuntun máa san kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Orúkọ yẹn ló rán wa padà sí Baṣọ̀run Gáà, eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1972, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà torí ìdánwò, tí a sì gbàgbé lọ́jọ́ kejì.

A tún un kà, ó ṣì dùn. Ẹ kà á sókè o. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń fojú kà nínú dáńfó. Ibi ọ̀rọ̀ Àgbọ̀nyín ló bà wá lẹ́rù jù. Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi rúbọ, kò rí i, ó bá ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún wá, torí pé orúkọ ọmọ náà àti ti ẹran jọra. Ìjọra orúkọ lásán! Kò sí ibòmíì tí Fálétí ti jẹ́ ká rí i kedere tó báyìí bí agbára ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá sí ẹni tó lè sọ pé "rárá" mọ́. Ó ti lè fi ọ̀rọ̀ ṣàwàdà, kí àwàdà náà sì pa èèyàn.

Àmọ́ a ní ìjà kan pẹ̀lú eré yìí. Ìṣubú Gáà ló jẹ ẹ́ lógún jù, bíi ti òwe tó ní kí ẹni tó láyà ìkà rántí ikú Gáà. Ìgòkè rẹ̀ ńkọ́? Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé lábẹ́ Gáà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí ààbò nígbà tí ìkà àwọn ọba ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ gbọ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀! Lẹ́yìn náà ló wá sọ oyè ọba di ohun ìṣeré: Lábísí lo ọjọ́ 17, Awónbíojú lo 130.

Thomas Cromwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ alágbẹ̀dẹ Putney, ọba Henry Kẹjọ ló gbé e ga. Ó gba oyè Earl of Essex ní oṣù Kẹrin 1540. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀. Ẹni tó gbé e sókè ló jù ú sílẹ̀. Ti Gáà ò rí bẹ́ẹ̀, torí òun gan-an ló ń fi ọba jẹ. Ta ló wá gbé òun gòkè, tí kì í bá ṣe aráàlú?

Ìdáhùn yẹn kò dùn mọ́ wa nínú. Nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń dààmú wa, Gáà tiwa yìí ló dúró níwájú wọn. A pàtẹ́wọ́. A dá owó jọ, a fi ra àgbádá fún un.

Abíọ́dún rí Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kó ogun wá láti Àjàṣẹ́. Àwa, ìpàdé ìparí oṣù nìkan la ní. Níbi èyí tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ béèrè ìwé owó. Gáà rẹ́rìn-ín. Àwọn kan lẹ́yìn náà bá a rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wa sì wà lára wọn.