Ọ̀nà Ìdànrè Kì í Ṣe Ọ̀nà Fọ́tò Lásán

Àwọn ará Sligo ní ilẹ̀ Ireland mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewì gba àlejò. Èèyàn á jókòó sínú mọ́tò, á yí adágún omi Lough Gill po, á wo erékùṣù Innisfree láti etí omi, á rí òkè Ben Bulben, á sì dé Drumcliffe, níbi tí sàréè William Butler Yeats wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé, tá a bá fẹ́ la irú ọ̀nà yẹn nílẹ̀ Yorùbá, ibo ló máa gbà?

Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Orúkọ ìlú yẹn ni Wọlé Ṣóyínká fi sọ ìwé ewì rẹ̀, Idanre and Other Poems, tó jáde ní 1967. Àpáta ibẹ̀ kàmàmà, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé a kàn gbé àlejò lọ wo àpáta, a ya fọ́tò, a sì padà sílé, a ò tíì ka ìdajì ìwé náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ọ̀hún. Ṣóyínká fúnra ẹ̀ sọ níbẹ̀ pé ìrìn kan tóun rìn nínú igbó tí òjò ti rin, lẹ́yìn Mọ́lété n'Ìbàdàn, ló bí ewì "Idanre". Mọ́lété lẹsẹ̀ ẹ̀ wà, Ìdànrè lọkàn ẹ̀ ń rìn lọ. Ohun tó ṣe Yeats náà nìyẹn: ìlú London ló wà nígbà tí Innisfree wá sí i lọ́kàn. Àwa tá à ń kọ kóòdù jẹun mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá wà n'Ìkòtún tẹ́ ẹ tẹ Ìdànrè sínú Google Maps, ọ̀nà tó máa tètè yá ló máa wá fún yín. Kò mọ̀ pé Mọ́lété ni ewì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì jù ni pé orí ọ̀nà ni ìwé náà gan-an ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí òkè. "Of the road" ni àkọlé ìpín àkọ́kọ́. Nínú "Death in the Dawn", ẹnì kan ń wa mọ́tò bọ̀ l'Ékòó ní ìdájí, àkùkọ funfun kan fò lu gíláàsì iwájú mọ́tò ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi bá òkú èèyàn pàdé níbi tí mọ́tò ti forí sọ. Àdúrà tí gbogbo wa mọ̀ wà nínú ewì yẹn: ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ewì míì tún wà fún Ṣẹ́gun Awólọ́wọ̀, tí ìjàm̀bá mọ́tò pa ní 1963.

Lẹ́yìn èyí ni Ògún wá gba ojú ewì "Idanre" kan. Àwọn ará Ìrè bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣolórí àwọn. Ó mu ẹmu yó, ó sì pa wọ́n lójú ogun láì mọ̀ pé èèyàn òun ni. Àwọn tó pè é náà ló pa. Ibi tá a ti gbà pé ewì náà bá wa wí gan-an nìyí, àwa ará Alímọ̀ṣọ́ tá à ń ti Ìgándò já sí Ẹgbẹ́dá lójoojúmọ́ láàárín dáńfó, ọ̀kadà àti táńkà. Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹnu wa kì í pẹ́ sọ pé Ògún ló fẹ́ gbẹ̀jẹ̀, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Ewì yìí ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa la fẹ́ irin, àwa la pè é, àwa náà la fi í lé ẹni tó ti mutí yó lọ́wọ́. Ṣóyínká ò sì fi mọ sórí ìwé: nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbà pé àyànmọ́ ni gbogbo ẹ̀ kò ní gba irú iṣẹ́ yẹn.

Ìwé náà ní àléébù o. Òyìnbó ẹ̀ le kankan. Ìtàn Àtúndá, ẹrú tó yí òkúta lu Òrìṣà-ńlá, wà nínú ẹ̀. Ìyá àgbà kan lè sọ ọ́ fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n níbí, àfi kéèyàn kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e. Ó dùn wá pé ẹni tó mọ oríkì Ògún dáadáa lè ṣí ìwé yìí kó má rí ọ̀nà wọlé.

Síbẹ̀, ẹ kà á, ẹ sì rin ọ̀nà ẹ̀. Ẹ ka ìpín àkọ́kọ́ nílé kí mọ́tò tó gbéra. Mọ́lété ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ gba Ifẹ̀, ẹ kọjá ní Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, tí Ṣóyínká túmọ̀ ìwé ẹ̀ ní 1968, lẹ́yìn náà Oǹdó, kẹ́ ẹ tó forí lé Ìdànrè. Tí dírẹ́bà bá sì ń sáré àsápajúdé, ẹ má dákẹ́ tìtorí ìtìjú. Ẹ ní kó rọra.